Ariwo Kékeré Inú Àwo Orin

Mo rántí ìgbà tí mo fi aṣọ tí mo rẹ sínú epo òyìnbó nu àwo orin kan títí ọwọ́ mi fi ń rùn bí àtùpà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé ní Gbégamey, ní Kùtọnu, ní àwọn ọdún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí kò sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan tí orin kì í dún ládùúgbò. Lọ́sàn-án, akọ̀wé ni mí ní èbúté. Nírọ̀lẹ́, mò ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin kan. Ìlù òyìnbó ni, èyí tí à ń jókòó sídìí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń tẹ ìlù ńlá, tí a sì ń fi igi méjì lu ìlù pẹlẹbẹ àti àwo idẹ.

Mo gbà pé mo mọ ìlù í lù. Pobè ni mo ti kọ́ ọ, nínú fanfáà, ẹgbẹ́ onífèrè àti onílù ìjọ wa tí ń ṣíwájú èrò lọ́jọ́ ọdún. Ohun kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa ń fẹ́: kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́ gbogbo ẹyọ ìlù kedere. Ẹni tó bá lù ú jẹ́jẹ́, ọ̀lẹ ni. Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo gbé agbára yẹn wọ Kùtọnu, mo sì ń yangàn.

Wàhálà dé nígbà tí ọ̀gá ẹgbẹ́ wa gba àwo orin kan lọ́wọ́ atukọ̀ kan, ó ní orin inú rẹ̀ ni a ó fi ṣí ijó àjọ̀dún òmìnira. Ìlù awọ́sẹ̀ ni wọ́n lù sí i: ẹyọ kan gùn, èyí tó tẹ̀ lé e kúrú, bí ìrìn ẹni tí bàtà fẹ́ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ìyẹn, mo sì lù ú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò níwájú èrò, àwọn tó dìde jó tún padà lọ jókòó, wọ́n ní ó ń rẹ àwọn. Ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ Pobè, ijó la pè wọ́n sí, ìwọ ń kó wọn lọ sójú ogun," ó ní. "Bí wọ́n bá tún jókòó lọ́jọ́ àjọ̀dún, màá gba igi ìlù lọ́wọ́ rẹ. Ẹnìkan wà ní Àjàṣẹ́ tó ń wá àyè yìí."

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ èbúté ló ń bọ́ mi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlù ló ń mú inú mi dùn láyé. Mo yá àwo náà lọ sílé, mo gbé e sórí giramafóònù ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Láàárín àwọn ẹyọ ńlá, ariwo tín-ín-rín kan ń ṣe tí-tí, tí-tí. Mo ní erùpẹ̀ ni. Àwo tó gba inú ọkọ̀ òkun kọjá, kí ni kò ní kó? Mo rò pé òun ni kò jẹ́ kí n gbọ́ ìlù náà dáadáa. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún nìyẹn: omi, ọṣẹ, nígbẹ̀yìn epo òyìnbó. Ariwo ò lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, orin náà ń dún lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi jáde wá pẹ̀lú ọmọ wọn tó kọ̀ tí kò sùn, ó wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú kan, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ọmọ ní ìdí. Ọwọ́ a wúwo lẹ́ẹ̀kan, a wá rọra kàn án, jẹ́jẹ́, kó tó tún wúwo. Oorun gbé ọmọ lọ.

"Ẹ má bínú sí ariwo erùpẹ̀ yẹn," mo ní.

"Erùpẹ̀ kẹ̀?" Wọn ò dá ijó dúró. "Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ mi ń wọ́ gbà. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, ibo ni kí n gbé ẹsẹ̀ sí?"

Mo wo ọwọ́ wọn lára ọmọ. Ìgbà tó bá rọ̀ ni ariwo náà ń dún. Mo dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ erùpẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ì bá máa dún nígbàkigbà tí àwo bá yí po. Èyí ò fo àlàfo kankan. Ọwọ́ èèyàn ni! Onílù náà ń rọra fi igi kan awọ láàárín ẹyọ ńlá méjì, kì í ṣe torí kí a lè gbọ́ ọ, bí kò ṣe kí ẹsẹ̀ oníjó má bàa já sófo. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́ fi epo òyìnbó fọ̀ dànù. Mo bú sẹ́rìn-ín, ọmọ jí, ẹ̀gbọ́n mi sì lé mi síta.

Orí ìrọ̀rí ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń lù ú jẹ́jẹ́. Ó le fún mi ju kí n lù ú kíkan lọ. Nígbà tí ọjọ́ àjọ̀dún pé, mo jókòó sídìí ìlù. Àwọn èrò dìde jó. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Orin tán, kò sẹ́ni tó padà sórí àga. Wọ́n ń dúró de òmíràn. Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Bọ́n," ó fi èdè Faransé sọ pé ó dára. "Di igi rẹ mú."

Ara tù mí débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì ṣe bí ẹni pé òógùn ni.

Ọ̀gá kò béèrè àwo náà mọ́, ọwọ́ mi ló wà títí dòní. Epo òyìnbó ti bà á jẹ́, ó ń ha gààrà gààrà. Àwọn ọmọ mi ní kí n sọ ọ́ nù, wọ́n ní ariwo nìkan ló kù nínú rẹ̀. Èmi á tẹ́tí sílẹ̀, lábẹ́ ariwo tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀, màá sì gbọ́ ọwọ́ onílù náà, tí-tí, jẹ́jẹ́, níbi tó wà látijọ́. Ọpẹ́ ni pé kò gbà fún mi kí n nù ún kúrò.