Mo Kí Rọ́bà Pẹ̀lẹ́

Ọwọ́ mi yá ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ọpọlọ, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé pẹ̀lú waya tín-ín-rín kan tí wọ́n ń kì bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ láti itan aláìsàn títí dé ọrùn, kí wọ́n lè yẹ iṣan ọpọlọ wò. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èèyàn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi rọ́bà dánra wò. Ó so rọ́bà mọ́ rọ́bà, ó lọ́ ọ kọ́lọkọ̀lọ bí iṣan ọrùn, ó da omi pupa sínú rẹ̀. Bí o bá gún un, omi pupa á ṣàn sórí tábìlì.

Mo gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá ní bí mo bá tún gún un lọ́jọ́ Ẹtì, kí n gbàgbé iṣẹ́ ọpọlọ. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo tọrọ rọ́bà tí mo ti bà jẹ́ àti ògbólógbòó waya kan, mo gbé wọn lọ sílé wa ní Bẹyẹrúnká.

Ìyá mi àgbà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ki okùn bọ ìbàdí ṣòkòtò fún àwọn télọ̀ Ọjà'ba. Ó máa ń so okùn mọ́ ìdérí bírò, á fi ìka tọ́ ọ lọ nínú aṣọ láìwo ibẹ̀ rárá. Mo jókòó tì í, mo ní rọ́bà yìí dúró fún ọrùn aláìsàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki waya bọ inú rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ta ló ni ọrùn yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Màmá. Rọ́bà ni."

"Abájọ tóo fi ń gún un báyẹn!"

Ó gba waya lọ́wọ́ mi. Nígbà tí waya kọ̀ ní kọ́nà rọ́bà, kò tì í. Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó yí i, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Waya kọjá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Máa rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹni tó bá ń kí èèyàn pẹ̀lẹ́ kì í tì í."

Lọ́jọ́ Ẹtì, níwájú ọ̀gá àti àwọn ẹgbẹ́ mi, "pẹ̀lẹ́ o" bọ́ lẹ́nu mi níbi kọ́nà. Ẹ̀rín pa wọ́n. Àmọ́ omi ò jò. Dókítà Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá àgbàlagbà kan láti Yemẹtu dùbúlẹ̀ síwájú mi. Itan rẹ̀ nìkan la fún lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn ún. Ojú rẹ̀ là kedere, ó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Waya dé ọrùn, ó kọ̀. Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

Nínú gbogbo rọ́bà tí mo ti kí, kò sí èyí tó dá mi lóhùn rí.

"O ṣé, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Ìwọ náà, pẹ̀lẹ́."

Mo yí waya. Ó kọjá.