Orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún Lójú Kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Gàní

Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi nínú ilé yìí ní Ìkòròdú, tí tíì mi ń tutù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rọ náà ké "píì!" Ìró kékeré ni, bí òròmọdìẹ tó ń wá ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ kan láti ọ̀nà jíjìn. Tẹ́míná ni mo fi ń ṣe é, ojú dúdú tó ní lẹ́tà funfun, tí kò ní àwòrán kankan. Àṣẹ tí o bá tẹ̀ síbẹ̀ ni yóò jẹ́. Mo fẹ́ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun kan síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ni ẹ̀rọ bá ké, tó sì fi àmì ìbéèrè rọ́pò àwọn lẹ́tà náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi lórí fóònù pé, "Mà, ẹ kúkú yọ àmì yẹn kúrò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Mo tún ètò èdè ẹ̀rọ náà ṣe, orúkọ sì jáde bó ṣe yẹ. Ó dúpẹ́, ó pa fóònù. Ilé dákẹ́. Ọkọ mi ti lọ síbi tí àgbà ń rè, àwọn ọmọ mi sì wà lókè òkun. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe ju kí n jókòó, kí n máa rántí ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "píì" yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tí fóònù yín ti mọ ẹ àti ṣ kí ẹ tó rà á, ó lè ṣòro fún yín láti gbà mí gbọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, yàrá kan wà nínú àgbàlá wa, lọ́nà Ìpakodò, tí Bọ̀dá Gàní, ọmọ onílé wa, fi ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń bá tún ẹ̀rọ ṣe. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á gbé e lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á gbé e padà ní ìrọ̀lẹ́ tòun ti òórùn gírísì lára rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó rà láti Kútọnù ló tò sórí tábìlì gígùn, wọ́n sì ti gbó débi pé ètò tí gbogbo ayé ń lò kò lè wọ inú wọn. Línọ́ọ̀sì, ètò ọ̀fẹ́ olójú dúdú kan, ló fi sínú wọn. Bí wọ́n bá ti gbóná, òórùn eruku àti wáyà tó ń jó á gba gbogbo àgbàlá.

Èmi pẹ̀lú Rẹ̀mílẹ́kún la máa ń gbá yàrá náà, ìyẹn ló sì fún wa láyè láti tẹ kọ̀ǹpútà. Rẹ̀mílẹ́kún ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ nínú yàrá tó kọjú sí tiwa. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n ṣì lóyún rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kó lè rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti bá ọjà títà lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, a kò mọ ojú rẹ̀. Rẹ̀mí kì í pariwo. Ó máa ń jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró síbì kan de ènìyàn. Èmi nìkan ni àwọn òbí mi bí. Mo bá a jókòó, a jọ ń dúró.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ "baba", "bqbq" ló jáde. Rẹ̀mí rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Bí àwọn Faransé ṣe ń to bọ́tìnnì ni wọ́n ṣe to ti àwọn kíbọọ̀dù náà: A wà níbi tí Q yẹ kó wà, Z sì gba ipò W. Bọ̀dá Gàní ní, "Kíbọọ̀dù yìí ń sọ Faransé, ẹ̀rọ sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n mọra." Àṣẹ kan wà tó ń fi wọ́n mọra, loadkeys fr, ṣùgbọ́n kí o tó lè kọ a tó wà nínú rẹ̀, o gbọ́dọ̀ tẹ Q. Bọ́tìnnì ìparẹ́ ní ìwà tirẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti pa àṣìṣe rẹ́, ẹ̀rọ á tún kọ ^H mọ́ ọn, H á sì tò lọ lójú dúdú bí àkàsọ̀. "Ẹ̀rọ yìí ò mọ túúbá," ni Bọ̀dá Gàní máa ń wí, kó tó fi ọ̀nà hàn án.

Lọ́jọ́ kan, Rẹ̀mí ní òun fẹ́ kọ orúkọ òun bí wọ́n ṣe ń pè é. Bí a ṣe tẹ lẹ́tà olórí àmì, "píì!" Ẹ̀rọ kọ̀, kò kọ nǹkan kan. Bọ̀dá Gàní fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá ìdí rẹ̀, títí ó fi rí ibi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ náà pé kó má ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí. Ó yí i padà. "Rèmílékún" jáde gbọnrangandan. Bọ̀dá Gàní pàtẹ́wọ́. Rẹ̀mí sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹjú mọ́ orúkọ náà.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

"Rè-mí-lé-kún."

"Ẹni yẹn kọ́ ni mí."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bọ̀dá Gàní wò ó, ó ní, "Òótọ́ lo sọ." Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà nínú ẹ̀rọ náà, bí ìgbà tí a bá sín ìlẹ̀kẹ̀. Nítorí pé Faransé ti ní è àti é, àmì abẹ́ wọn nìkan ló kù láti fi kún un, àmọ́ irinṣẹ́ tí yóò fi ṣe é kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti wá a kiri.

Kó tó rí i, ìyá Rẹ̀mí dé. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé sì jáde wá wò ó. Ó ní òun yóò kó ìyá àgbà lọ sí Ẹ̀pẹ́, òun yóò sì mú ọmọ òun dání lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Mo sìn wọ́n dé Gáréèjì Ìkòròdú. Láàárín ariwo àwọn agbèrò, Rẹ̀mí sọ sí mi létí pé, "Sọ fún Bọ̀dá Gàní kó má dáwọ́ dúró." Mo bi í bóyá yóò padà wá wo orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Màá wá." Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́, wọ́n wọkọ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, mo gbá yàrá náà lémi nìkan. Bọ̀dá Gàní ti rí irinṣẹ́ tó ń wá; ó jókòó, ó tẹ kíbọọ̀dù díẹ̀díẹ̀, orúkọ náà sì yọ: Rẹ̀mílẹ́kún. Ó pé, kò yingin. Ó kígbe, "Rẹ̀mí dà?" Lẹ́yìn náà ló rántí. A dúró, a ń wò ó. Kò pa ẹ̀rọ náà. Orúkọ yẹn wà lójú dúdú títí wọ́n fi mú iná lọ.

Bọ̀dá Gàní ti kú. Wọ́n ń ta ike fóònù nínú yàrá rẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ṣì ń kọjá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ojú omi Ìpakodò ṣì ń rùn bí ẹja àti bẹntiróò. Lẹ́yìn tí ọkọ mi lọ, tí ilé wá tóbi jù mí lọ, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti wá Rẹ̀mí. Mo béèrè títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Obìnrin náà fún mi ní omi mu, ó sì fún mi ní nọ́ńbà Rẹ̀mí.

Mo pè é. Ohùn àgbàlagbà kan fi Faransé dáhùn, ó sì yí i sí Yorùbá tó ń kọsẹ̀. Mo sọ orúkọ mi. Mo sọ̀rọ̀ àgbàlá wa, mo sọ̀rọ̀ Bọ̀dá Gàní. Ó rántí àwọn ọkọ̀ ojú omi Ìpakodò. Ó rántí ìyá àgbà rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà díẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún orúkọ yín sọ." Mo tún un sọ. "Ẹ má bínú, mà. Ó ti pẹ́." Mo ní kò burú. Mo ní ẹgbẹ́ ni wá, kó má fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Màá máa pè yín."

Kò tíì pè. Mi ò dá a lẹ́bi. A kì í fi ipá rántí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán tí ilé bá dákẹ́ jù, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́kàn mi, mo máa ń bi í pé ṣé o ti jẹun, ṣé ara rẹ le. "O" ni mo ń pè é.