Ojú Ìwé Ìkẹyìn Àbẹ̀kẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìwé alááwòrán kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní Ikpoba Hill, lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá, kò sì ní ìparí. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló rà á bọ̀ nígbà tó lọ sílé ní Iléṣà, torí ó ti sú u kí òun máa sọ Yorùbá kí àwa ọmọ máa fi Píjìn dáhùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká kò, òróró dòdò sì ti mú kí àwòrán ojú ìwé kejì máa hàn lójú ìwé kìíní.

Ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n rán an lọ ra iyọ̀. Bó ti ń bọ̀, ó rí ajá, ó tẹ̀lé ajá. Ó rí àwọn ọmọ tó ń fo okùn, ó gbé abọ́ iyọ̀ kalẹ̀, ó bá wọn fò ó. Kó tó rántí ilé, òjò ti dé, iyọ̀ ti yọ́ tán, Àbẹ̀kẹ́ sì jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ni tiwa parí sí. Ojú ìwé ìkẹyìn ti ya, kò sì sẹ́ni tó jẹ́wọ́ nínú wa.

Èmi náà kì í tètè dé tí wọ́n bá rán mi níṣẹ́. Mo lè lọ ra ata rodo, kí n dúró wo ẹni tó ń lẹ táyà, kí n tún bá Osaro, ọmọ aládùúgbò wa, ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń. Ìgbà tí wọ́n bá ń fọ abọ́ ọbẹ̀ ni ata tèmi á wọlé. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo ilé ti sọ mí ní Àbẹ̀kẹ́. Màmá mi á ní, “Ẹ má rán Àbẹ̀kẹ́ o, ebi ń pa wá.” Ó máa ń dùn mí. Ti ẹ̀gbọ́n mi Wálé ló burú jù. Mo ní èmi náà á yí padà lọ́jọ́ kan, ló bá ṣí ìwé, ó fi ìka sí ibi tó ti ya: “Where she for change? Book don finish. Na so you go dey.”

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mo gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fẹ́ ṣèpàdé nílé wa. Màmá mi ti lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tán, ewé ló kù. Kò sẹ́lòmíì nítòsí, ló bá rán mi sí Ìyá Ṣeun tó ń kọ́ àwa ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ewé wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní ìparí àdúgbò. Màmá mi tutọ́ sílẹ̀. “Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé.”

Mo sáré. Mi ò wo ẹni tó ń lẹ táyà, mi ò dá Osaro lóhùn. Ìyá Ṣeun ní kí n dúró ní pálọ̀ kí òun lọ já ewé. Orí tábìlì rẹ̀ ni mo ti rí Àbẹ̀kẹ́. Ìwé wa gan-an ni, odindi!

Mo ṣí i dé ẹ̀yìn. Mo rò pé màá rí ibi tí wọ́n ti nà án, tàbí ibi tí áńgẹ́lì kan ti bá a wí. Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló na abọ́ sí i, gbólóhùn kan sì wà lábẹ́ rẹ̀: “Ìyá rẹ̀ tún rán an, ó sì tún rán an.” Mo lọ síwájú ìwé, mo padà sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ ló ń tẹ̀lé ajá. Níbí, ajá ló ń tẹ̀lé e. Aṣọ kan náà tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti mọ sí orúnkún. Ojú rẹ̀ tó máa ń wo ẹ̀gbẹ́ ti wà lọ́nà. Ìwé ò sọ gbogbo èyí lẹ́nu, àwòrán ló fi sọ ọ́.

Ewé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tipẹ́ kí n tó gbórí sókè. Nígbà tí mo délé, mọ́ínmọ́ín ti di àkàrà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń fi mu gààrí. Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí ìpàdé fi tú ká. Nígbà tí màmá mi bi mí léèrè ohun tí mo dúró wò, ẹkún ni mo fi dáhùn: “Wọ́n tún rán an, Màmá. Àbẹ̀kẹ́. Ó wà nínú ìwé Ìyá Ṣeun. Wọ́n tún rán an, ló fi yí padà.”

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ ra iyọ̀. Kò tutọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo yà díẹ̀ lọ́dọ̀ Osaro, àmọ́ iyọ̀ bá ọbẹ̀ lórí iná.

Ugbor, ní ìlú kan náà, ni mo ń gbé báyìí, ìwé alááwòrán Tèmi, ọmọ mi, sì kún àpótí méjì. Àwọn ọmọ inú wọn a máa tètè yí padà: wọ́n ṣẹ̀ lójú ìwé kẹta, wọ́n ti di ọmọ rere kí ìwé tó dé ìdajì. Iyọ̀ gan-an, fóònù la fi ń rà á, alùpùpù á gbé e dé ẹnu géètì. Ta ló tún ń rán ọmọ níṣẹ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé abọ́ fún Tèmi, mo rán an lọ ra ẹyin mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ó lọ ń bá ológbò ṣeré lójú ọ̀nà, ẹyin mẹ́rin fọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ kún fún omi: “Mummy, sorry. I no go go again.” Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi kí n tó rí aṣọ rẹ̀. Kókósẹ̀ ló dé lọ́dún tó kọjá, ó ti mọ sí orúnkún.

Mo fọ abọ́ náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́. “Ó yá, tún lọ.”