Fílítà Tí Ọwọ́ Kò Lè Tú

Òórùn ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò gbó ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Festac. Òórùn burúkú kọ́ o. Ó máa ń dùn díẹ̀ nímú, bí ìgbà tí ṣúgà bá jóná nídìí ìkòkò, kì í sì í kúrò lórí sìmẹ́ǹtì tó wà lábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tó ń dán. Bọ́ìsì-kọ́tà ẹ̀yìn ilé yẹn ni mo ń gbé, yàrá kan péré. Tọkọtaya àgbàlagbà ló ni ilé. Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ wọn sì ti fọ́n ká sókè òkun. Dádì àti Mọ́mì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà lèmi ṣe ń pè wọ́n.

Ọjà Trade Fair ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fílítà, agolo kékeré tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí wọ́n ń sẹ́ ògì. Mi ò kàwé jìnnà, girama ni mo ti dúró. Àmọ́ ẹni tó bá ń ta nǹkan kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́, nǹkan náà á máa bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń rò ó nígbà yẹn pé ibi tí àwọn tó ṣe mọ́tò bá fi fílítà sí, ìwà wọn ló ń fi hàn. Àwọn kan gbé e sórí ẹ́ńjìnnì níbi tó jẹ́ pé bó o bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun lo máa kọ́kọ́ kí. Àwọn kan gbé e sókè sàléǹsà, páìpù tó ń tú èéfín jáde. Bó o bá ti ń tú u, ọ́ìlì á máa kán sórí irin gbígbóná, èéfín á sì dé ẹ lójú. Ti mọ́tò Dádì tún wá yàtọ̀. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ló fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí, ó kọ ìdí sí ọ̀nà táyà iwájú, o ò lè rí i látòkè, o ò sì lè dé ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àfi tó o bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ bí aláàárẹ̀.

Dádì ò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ rí. Wọ́n ti ṣàwárí pé bí èèyàn bá yí sítíárì dé òpin, táyà iwájú á ṣí bí ilẹ̀kùn, àlàfo kan á sì wà tí ọwọ́ kan lè gbà kọjá. Ọwọ́ kan ni o. Ọwọ́ méjì ò gbà níbẹ̀, irin tí àwọn mẹkáníìkì máa ń fi yí fílítà po náà ò sì rí àyè yí níbẹ̀. Dádì á gbé àpótí ìdáná Mọ́mì síbi táyà, wọ́n á jókòó lé e, wọ́n á ti apá ọ̀tún bọ inú mọ́tò títí dé èjìká, wọ́n á wá kọjú síta bí agbẹ̀bí tó ń fi ọwọ́ wo ọmọ. Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ náà ni wọ́n á máa kí àwọn tó ń kọjá lọ: "Ẹ kú àárọ̀ o! Ilé ńkọ́?" Mẹkáníìkì kankan ò fọwọ́ kan ọ́ìlì mọ́tò wọn rí. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń dè é," wọ́n á sọ fún mi, "ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń tú u. Ẹni tó bá gbé irin sí i, ọ̀tá ara ẹ̀ ni." Òótọ́ sì ni. Tí rọ́bà ẹnu fílítà bá ti kan ara ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀nba ni wàá tún yí i, ó tó.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kan mú Dádì lápá ọ̀tún. Kò pọ̀, ọsibítù tètè dá wọn padà, ṣùgbọ́n ife tíì ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, ojú wọn náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe fóònù pé kí wọ́n ta mọ́tò. Dádì ní mọ́tò tí àwọn fi gbé gbogbo wọn lọ síléèwé, àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn ẹ̀ kọ́ ló máa sọ ìgbà tó máa dúró.

Nígbà tí ọ́ìlì tó pààrọ̀, apá yẹn ò tíì lágbára, wọ́n bá pè mí. Èmi ni mo jókòó lórí àpótí lọ́jọ́ náà, Dádì dúró tì mí bí olùkọ́, wọ́n ń pè mí ní Ẹnjiníà Trade Fair, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ wọn kan wà lórí fóònù, Mọ́mì gbé fóònù náà dání kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọ̀rọ̀ tún di ti mọ́tò títà. Dádì bá gbóhùn sókè.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Èyí tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lè fi ọwọ́ ara mi tú fílítà yìí, ẹ tà á. Mi ò ní bá ẹnì kankan jiyàn."

Dádì wọlé lọ lo oògùn wọn. Ọ́ìlì dúdú ṣì ń ṣàn sínú báàfù. Mọ́mì pa fóònù, wọ́n gbé iṣu díndín wá fún mi, wọn ò sì lọ.

"Ọmọ mi, fílítà yẹn, ṣé ó lè fún ju bó ṣe yẹ lọ?"

"Ó lè fún, Mọ́mì. Kò kàn dáa ni."

"Kò dáa fún ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Fún ẹni tó máa tú u."

Mọ́mì ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò tíì sọ fún àwọn ọmọ, pé nígbà tí àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti Alákijà, kẹ̀kẹ́ márúwá kan já wọ iwájú wọn pẹ̀lú ìyá kan tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nínú ẹ̀, Dádì ò sì rí i. Onímárúwá ló yà fún wọn. "Dádì ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, wọn ò gbọ́ ti dókítà, wọn ò gbọ́ tọmọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n sì ti wá sọ ọ́ báyìí."

Irin kan wà ní yàrá mi, kì í ṣe irú èyí tó ń yí fílítà po, irú èyí tó máa ń dé ìdí ẹ̀ bí fìlà ni, ó ní apá gígùn. Mo lọ mú un, mo fi ọwọ́ de fílítà tuntun sáyè ẹ̀, mo wá gbé irin náà sí i. Ó gba àlàfo yẹn kọjá bí ẹni pé tìtorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a sí. Mo yí i títí ó fi fún pinpin, mo tún wá fi kún un. Nígbà tí Dádì jáde, irin ti wà lábẹ́ àkísà.

"Ẹnjiníà, ọwọ́ lo fi dè é?"

"Ọwọ́ ni, sà."

Láti ìgbà yẹn ni Dádì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bọ́ọ̀lù rọ́bà kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n ń fún un tí wọ́n bá ń gbọ́ ìròyìn, wọ́n ń fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gba aṣọ fífún lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n ní kó máa fọ̀ ọ́, àwọn á máa fún un gbẹ. Ife tíì ò gbọ̀n mọ́. Mo ń wo gbogbo ẹ̀, oúnjẹ ò sì dùn lẹ́nu mi tó bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo fi lè lọ tú u kí n tún un dè wà dáadáa. Mi ò lọ.

Ọyẹ́ ti dé lọ́jọ́ tí wọ́n wọ kakí iṣẹ́ wọn jáde. Ọ̀rẹ́ wọn òdìkejì títì, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìjọba, fara ti géètì ó ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Dókítà mọ́tò ti dé! Ṣé apá yẹn á lè ṣe é?"

"Wá kọ́ṣẹ́, alápá rírọ̀. Kò tíì pẹ́ jù fún ẹ."

Wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n kí ẹni tó ń kọjá. Wọ́n fa ọwọ́ jáde, wọ́n fi àkísà nù ún, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́. Wọ́n béèrè sáńpépà, mo fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ń kí wọn, wọn ò dáhùn mọ́. Ọ̀rẹ́ wọn rọra wọlé lọ. Mo rí òjìji Mọ́mì lẹ́yìn fèrèsé ilé ìdáná, kò mira.

Dádì ní kí n fún àwọn ní tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wo inú àlàfo náà pẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n fi ìka pè mí. Wọ́n tan iná sí ìdí fílítà. Ọ̀dà ara ẹ̀ ti bó níbi tí irin ti bù ú jẹ.

"Kí lo rí?"

"Fílítà ni, sà."

"Ọwọ́ èèyàn máa ń ní eyín ni?"

Dádì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ lo dá a rò, àbí wọ́n rán ẹ?" Ojú mi lọ síbi fèrèsé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ìfọ́tí. Kò wá.

"Ṣé Mọ́mì ẹ sọ ti márúwá Alákijà fún ẹ?"

"Wọ́n sọ ọ́, sà."

Wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ti dúdú. "Ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn. Kò dá orin yẹn dúró rárá. Mo rò pé kò rí bí márúwá yẹn ṣe yà fún mi."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú irin wá, pé àwọn fúnra wọn á fi tú u, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n mi orí. "Ọwọ́ ni mo wí. Mi ò wí irin." Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde, wọ́n sì kígbe kí ilé lè gbọ́: "Ìyàwó mi o! Fílítà yìí ti borí mi! Pe àwọn ọmọ ẹ, sọ fún wọn pé wọ́n jàre!" Wọ́n wá yí ẹnu sí etí mi. "Tó o bá sọ fún un pé mo mọ̀, wàá wá ilé míì gbé."

Ọkùnrin kan láti Satellite Town ló ra mọ́tò náà. Mẹkáníìkì tó mú wá láti wò ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ó ń làágùn, ó ń bú: "Wèrè wo ló de fílítà yìí?" Mo ṣí ẹnu. Dádì ló yá jù mí lọ. "Èmi ni," wọ́n ní. "Bínú díẹ̀ sí i."

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò kábàámọ̀ pé Dádì ò wa mọ́tò mọ́. Bóyá ọmọ kan wà tó ń rìn lónìí nítorí ẹ̀, ta ló mọ̀? Èyí tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni, ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì tó ti jọ darúgbó lè sọ níbi oúnjẹ àárọ̀, èmi sì jẹ́ kí wọ́n fi mí rọ́pò ẹ̀. Mo rò nígbà yẹn pé mo ń tan bàbá náà jẹ ni, mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí wọ́n tan òun. Mo ti kó kúrò níbẹ̀, àmọ́ mo máa ń lọ kí wọn. Mọ́mì á sìn mí dé géètì, wọ́n á ní Ọlọ́run ló lo fílítà yẹn, kí n má sọ fún Dádì láéláé. Dádì náà á bi mí bóyá Mọ́mì ti fura. Mo máa ń dá àwọn méjèèjì lóhùn pé rárá. Àwọn méjèèjì á padà wọlé, oníkálùkù á gbà pé òun lòun ń ṣàánú èkejì, èmi á sì máa lọ, èmi tó jẹ́ pé irọ́ tí mo pa ló jẹ́ kí n rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.