Bàbá Nara, Ẹni Tó Ń Kí Àpò Fúláwà

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa léèrè irú èèyàn tí Bàbá Nara jẹ́, ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ọ̀sán gangan ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé búrẹ́dì bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan, ó já báàgì gbà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó dúró níwájú káńtà, ó sì fi eré sí i. Àwọn tó ń po fúláwà lẹ́yìn gbọ́ igbe, wọ́n ju iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sáré tẹ̀ lé e. Bàbá Nara, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kò sáré rárá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé orúnkún kan sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé èkejì. Olùkọ́ ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú òun kó lé olè náà. Bàbá fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, olùkọ́. Òun náà ò nara kó tó sáré.”

Ó wá ń rìn lọ bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí òpópónà ti yà, ó bá olè náà nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fà, ó di ẹsẹ̀ mú, ó ń kérora. Méjì nínú àwọn tó lé e jókòó sí tòsí rẹ̀, ọ̀kan di itan mú, èkejì di ìhà mú. Bàbá gba báàgì, ó fi há abíyá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ olè náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá máa fi dé, olè ti ń yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí Bàbá ṣe ní kó yí i, àwọn tó lé e náà sì ń yí tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ẹni tó mọ orúkọ náà kò pọ̀. “Ẹ nara” ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀, kó tó béèrè bóyá ààrò ti gbóná. Ní ilé búrẹ́dì yẹn, níbi tí àwọn àpò fúláwà to dé àjà, tí tábìlì ìpòfúláwà sì gùn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ààrò, òfin kan wà tó le ju gbogbo òfin lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé àpò láìkí i. Wàá dúró níwájú àpò, wàá ya ẹsẹ̀ díẹ̀, wàá tẹ orúnkún méjèèjì bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nílé, wàá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wàá sì wí pé, “Ẹ kú ìjókòó o.” Lẹ́yìn náà lo máa mí sóde, wàá fà á mọ́ àyà, wàá sì fi agbára ẹsẹ̀ dìde.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ a máa rò pé bàbá náà ti ń ṣarán. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé èèyàn ò lè kí àpò lọ́nà yẹn kó má tẹ orúnkún, àti pé ẹni tó bá tẹ orúnkún kì í fi ìbàdí gbẹ́rù. Ẹni tó bá kí àpò lóòró, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpò máa gbà dá a lóhùn.

Awakọ̀ tó ń kó fúláwà wá ò gbà. Ọkùnrin àyà gbàràgàdà ni, ó sì mọ̀ pé àyà òun rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun àti fúláwà kì í ṣe ẹbí, kí ni òun fẹ́ máa kí i fún. Ó sọ àpò kan lé èjìká ọ̀tún, ó sọ òmíràn lé tòsì, ó sì yíjú sí àwọn ọmọbìnrin tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá kí wọ́n lè rí òun dáadáa. Ibẹ̀ ni eruku fúláwà ti wọ̀ ọ́ nímú, ló bá sín. Ibi tó tẹ̀ sí nígbà tó sín náà ló wà, kò lè nà mọ́. Láti ìgbà yẹn títí di ìrọ̀lẹ́, bàtà èèyàn ló fi ń dá wọn mọ̀.

Bàbá Nara kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tẹ́ àpò òfìfo sílẹ̀ fún un, ó fi í dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí páànù búrẹ́dì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì ní kó máa mí. Nígbà tí awakọ̀ náà tún padà wá, ó kí àpò kọ̀ọ̀kan, ó tún ń bi wọ́n pé ará ilé ńkọ́.

Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun fún Bàbá náà ní ìtàn tirẹ̀. Bàbá gbà pé kò yẹ kí èèyàn jókòó sójú kan pẹ́ kó má yí ọrùn, kò sì rí ìdí tí orí àga onígbàjámọ̀ fi yẹ kó yàtọ̀. Bí ẹ̀rọ ìgẹrun ṣe wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yí ọrùn, ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá là láti ìpàkọ́ títí dé òkè etí. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bàbá wo dígí, ó fọwọ́ tọ́ ojú ọ̀nà náà wò, ó ní kò sí wàhálà, irun á hù padà, ọrùn kì í hù. Kò dé fìlà bò ó rárá.

Ẹ má rò pé eré lásán ni gbogbo rẹ̀ fún un o. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ lágbára bí ẹṣin, kò sì sinmi rí. Nígbà tí ọ̀gá náà darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gan débi pé ọmọ rẹ̀ ló ń wọ bàtà fún un. Bàbá Nara lọ kí i, ó rí i bí ọmọ ṣe ń so okùn bàtà, bí bàbá ṣe ń wo òkè àjà kí ojú má bàa ti í. Ohun tó rí yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. “Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ lóòótọ́,” ló máa ń sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, “àmọ́ ara ni ìgò tí oògùn wà nínú rẹ̀. Ẹ má fọ́ ìgò.” Màdáámù tó ni ilé búrẹ́dì máa ń kùn pé àwọn oníbàárà ń gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń mí hìì-hàà lẹ́yìn ògiri, pé wọ́n á rò pé aláìsàn ló ń ṣe búrẹ́dì. Àmọ́ kò dá a dúró, nítorí kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìbàdí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Bàbá kò rí mú, ìyẹn ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ń ta òwú àti bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ tó ń tà lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni ọkọ rẹ̀ ti ń rọ̀ ọ́ pé kó máa nara láàárọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ò yí padà rí: àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òun ń gùn tó òun, òun kì í ṣe àpò fúláwà.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gun àpótí láti fi kọ́tìnnì kọ́, àpótí yẹ̀, ó ṣubú. Aládùúgbò sáré lọ sí ilé búrẹ́dì. Ẹni tó kọ̀ láti sáré lé olè, ó sáré lọ́jọ́ yẹn. Kò yí ọrùn, kò gbé orúnkún, kò tilẹ̀ bọ́ épúróònù. Ó bá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Nǹkan kan dún kọ́ nínú ìbàdí rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, kò sì lè dìde.

Ọkọ̀ kan náà ló gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsíbítù. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún nítorí ìrora, àmọ́ ẹkún kì í dí ojú, ó ṣì ń ríran.

“Àpò fúláwà lẹ máa ń kí,” ló wí. “Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó yín, ẹ ò kí mi kí ẹ tó gbé mi.”

Egungun ìbàdí obìnrin náà ló sán. Dókítà tọ́jú rẹ̀, egungun jinná, wọ́n dá àwọn méjèèjì padà sílé, wọ́n sì ní kó máa rìn. Kò rìn. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì ló ń rí àpótí yẹn tó ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, á sì gbé ẹsẹ̀ padà sókè. Ní bẹ́ẹ̀dì kejì nínú yàrá kan náà, Bàbá Nara dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Dókítà ti sọ fún òun náà pé kó máa rọra rìn, àmọ́ ojú ń tì í, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i bó ṣe ń tẹ̀ rìn. Orí ìdùbúlẹ̀ ló ti ń pàṣẹ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó dìde, kó nara, kó ká orúnkún. Ìyàwó á ní kí òun kọ́kọ́ rí i lórí ìdúró ná.

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ aláìsàn rìn máa ń wá wò wọ́n nílé. Lọ́jọ́ kan, ó pe àwọn ọmọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí màmá ò bá dìde láìpẹ́, ẹsẹ̀ á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní rìn mọ́ láyé. Àwọn ọmọ ti ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé èyí tó jẹ́ obìnrin nínú wọn. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, ohùn rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì náà jókòó tì í.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi,” ló wí. “Màmá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹ̀rù ò sì gbọ́ àṣẹ.”

Bàbá ò pàṣẹ mọ́. Ó ń wo òkè àjà títí nọ́ọ̀sì fi lọ, títí oòrùn fi yí kúrò lójú fèrèsé. Àṣẹ ò tán lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílé yẹn, ìyàwó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá a.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ló wí nígbà tó yá, “ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.”

Obìnrin náà wò ó. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé ìgbéyàwó wọn gbọ́ ọ̀rọ̀ ìnara yìí, ó mọ̀ ọ́n ju àdúrà lọ. Ó ní kó ká orúnkún kan. Bàbá ká a. Ó ní kó mí sóde. Ó mí sínú. Ó ní kó rọra yí ìbàdí, ó sì yí èjìká. Ó tún un ṣe, ó tún burú sí i. Títí dòní ni àwọn ọmọ wọn ń jiyàn bóyá bàbá wọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbàgbé. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ìyá wọn ò lè farada iṣẹ́ játijàti.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.”

Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó dìde, ó gba àárín yàrá kọjá, ó sì gbé ọwọ́ lé ìbàdí ọkọ rẹ̀ láti tún un ṣe. Ibẹ̀ ló ti wá mọ̀ pé òun wà lórí ìdúró. Ó bojú wẹ̀yìn wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kò pàṣẹ kankan. Ó kàn ní, “O ṣeun,” omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, àwọn méjèèjì jọ ń nara láàárọ̀ lójú fèrèsé, tí aládùúgbò sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó ṣe é dáadáa. Ìyàwó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọkọ padà sí ìdí tábìlì. Wọ́n tún lo ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Bàbá tó sùn lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò jí mọ́. Kò rí ìrora, a sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti yá kẹ̀kẹ́ aláìsàn sílẹ̀ de ìyá rẹ̀, nítorí ọ̀nà ibojì gòkè. Màmá wò ó, kò bá a jà, ó kàn kọjá lára rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lẹ́yìn pósí, díẹ̀díẹ̀, gbogbo wa sì ń bá a rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó gbé pósí ń dúró dè é. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó pẹ́.

Nígbà tí a padà délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé àga fún un, ó sì bi í bóyá ẹsẹ̀ ń ro ó.

“Ó ń ro mí gan-an,” ló wí. “Ẹni tí ì bá ní kí n má tíì jókòó la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn.”

Ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó di ẹ̀yìn àga mú. Lẹ́yìn náà, ó rìn yí àga náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i ká, kó tó wá jókòó.