Ẹ̀pà Tí A Gbìn Sínú Òjò Kan Ṣoṣo

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ìwọ̀nba tí mo ń sọ náà tún dín kù. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, nígbà tí ooru ká wa mọ́ ilé, mi ò lè jókòó sójú kan. Màá dìde, màá jáde, màá wo orí àwọn òkè àpáta tó wà láàárín Bantè àti Savalou, bóyá ìkùukùu wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Àpáta kàn ń tàn yanran.

Irúgbìn ẹ̀pà ló ń dà mí láàmú. Ìyàwó mi ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà á: ẹ̀pà pupa, kékeré, tó máa ń tètè gbó. Igbá kan péré ló kù. Ìyá rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ló ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà Bantè tóbi, kò sì pupa. Bí igbá kan yẹn bá ṣòfò, a ò ní rí irú rẹ̀ mọ́.

Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó kọ́ ìwé kíkà àti Faransé díẹ̀, ní kíláàsì àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n lẹ ìwé ojú ọjọ́ mọ́ ara ògiri méèrí, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní Bantè, èmi ni àwọn ará abúlé rán lọ kà á. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òjò àkọ́kọ́ máa tètè dé lágbègbè wa, àmọ́ ó máa dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà, ó lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí àgbẹ̀ má tíì gbin nǹkan.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé. Ìyá rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó kọ ọ́ yẹn, ṣé ó ti gun òkè wa rí?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Ó dáa. Kó máa kọ ọ́ lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àrá sán láti apá Djaloukou. Kí atẹ́gùn tó dìde, Ìyá ti jókòó, ó ti ń bó ẹ̀pà. Níbí, inú èèpo la máa ń tọ́jú ẹ̀pà irúgbìn sí. Ọjọ́ tí àrá bá sán lobìnrin tó ni ín máa ń bó o, ọwọ́ lásán ló sì máa fi bó o, kò ní fi igi lù ú, kó má baà fọ́. Ẹ̀pà tí wọ́n ti bó kì í dúró deni. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, kò ní hù dáadáa mọ́.

Ó bó gbogbo rẹ̀ tán.

"Ìyá, ìwé ní ká dúró o."

"Àrá ti sán, ìwọ ń sọ ti ìwé."

Òjò rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé gbé ọkọ́, wọ́n lọ sóko. Èmi gun máṣìnnì alùpùpù mi lọ sí Bantè, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ìwé náà. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Mo bi òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró," ó ní. "Òjò yẹn ò tíì wọlẹ̀."

"Ẹ̀pà tí wọ́n ti bó ńkọ́?"

Ó yíjú wo ìwé tó wà lára ògiri. Ìyẹn ò sí nínú ìwé.

Nígbà tí mo padà dé, Ìyá wà lóko, ó ń fi gìgísẹ̀ bo ihò tó kẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"O pẹ́ ní Bantè. Kí ni wọ́n wí?"

"Ohun tí wọ́n wí tẹ́lẹ̀."

"Bí mo bá fi í sílé, á bàjẹ́. Tó bá wà nínú ilẹ̀, bóyá."

Ẹ̀pà hù. Lẹ́yìn náà, oòrùn mú janjan. Òjò ò rọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń lọ sóko lójúmọ́, láìṣe iṣẹ́ kankan. Màá kàn rìn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, màá padà sílé. Ewé àgbàdo àwọn aládùúgbò ti ń ká.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú àdá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko. Bí a bá gbin iṣu, koríko gbígbẹ la fi ń bo orí ebè, kí oòrùn má baà sè é. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é fún ẹ̀pà. Mo tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ìlà ẹ̀pà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ń kọjá lọ, ó dá máṣìnnì rẹ̀ dúró. Nítorí ìwé tí mo ń kà, Mẹ́tìrì, ìyẹn olùkọ́, ló máa ń pè mí.

"Mẹ́tìrì! Iṣu lo gbìn ni, àbí ẹ̀pà?"

"Ẹ̀pà."

"O wá ń tẹ́ ẹní fún un! Rántí fún un ní ìrọ̀rí o!"

Mo tún gé koríko sí i. Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí Ìyá tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìdì koríko lórí. Ìdì kékeré ni, agbára rẹ̀ ò gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó padà lọ gbé òmíràn. A tẹ́ koríko títí a ò fi rí èyí tí a lè gé mọ́. Àwọn ìlà tó wà lẹ́bàá àpáta ò rí nǹkan bora.

Ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí òjò tó padà dé. Ti ẹ̀bá àpáta ti kú tán. Nínú àwọn tí a bò, ọ̀pọ̀ yè, wọ́n tín-ín-rín.

Nígbà tí a wú u, tí a sá a gbẹ, igbá kan ó lé díẹ̀ la rí. Ìyá ní ká se ẹ̀kúnwọ́ kan, ká tọ́ ọ wò.

Mo ní rárá.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó di ẹnu àpò ẹ̀pà náà, ó sì nà án sí mi pé kí n lọ so ó mọ́ àjà.