Láptọ́ọ̀pù Tó Lè Bá Mi Jókòó

Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù náà lé lọ́wọ́. Èmi tí mo fẹ́ rà á, èmi tí owó wà nínú àpò mi, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó bá wọn gbé ẹrù wá. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò tilẹ̀ wo ojú mi. “Ọ̀gá, ẹ wò ó bó ṣe fẹ́lẹ́,” ló ń sọ fún àbúrò mi. “Ó máa yẹ màmá.”

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ náà. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìpetumodù, àdúgbò Òkèrèwè níbí ni mo sì ń gbé. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti gba ọlidé gígùn, yunifásítì ni èmi ń gbà lọ, nítorí pé mo fẹ́ gba dìgírì kí n tó fẹ̀yìntì. Gbogbo ìdánwò ni mo ti ṣe tán, ó ku próójẹ́ẹ̀tì. Mo kọ ọ́ lórí bí àwọn ọmọ kíláàsì kejì ṣe ń fi hóró àgbàdo kọ́ ìṣirò, ohun tí mo ti ń fi ojú ara mi rí láti bí ogún ọdún. Bírò ni mo fi kọ ọ́, mo wá gbé e lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì.

Nígbà tí mo gbé e dé iwájú olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, ó ṣí i, ó tún ṣí i. Ojú ewé ogójì ló tẹ̀lé ìkẹrìnlá. Ojú ewé mẹ́ta kan sì wà láàárín tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹja sísìn ló ń sọ. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ma, ṣé ẹ ka iṣẹ́ yìí kí ẹ tó gbé e wá?”

Mi ò kà á. Mo gbà pé ohun tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ti dára nìyẹn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Ó ní kí n lọ tún un ṣe, kí n gbé e padà wá kí ọlidé tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí ìfẹ̀yìntì ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ọdún tó ń bọ̀ púpọ̀ nílẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni mo búra pé kò sẹ́ni tí yóò bá mi tẹ̀wé mọ́ láyé mi.

Bí ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí àbúrò mi ṣe kó wọ inú rẹ̀ náà nìyẹn. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni àbúrò mi ti fi ara rẹ̀ jẹ olórí ilé mi. Èèyàn dáadáa ni o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àdúgbò Mayfair ló ń gbé, ọ́fíìsì kan ní yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbà pé obìnrin kì í dá lọ ra ohunkóhun tó bá ti ní wáyà. Fíríìjì mi, òun ló yàn án. Fáànù mi, òun ni. Nígbà tí mo sọ fún un pé láptọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ rà, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má ṣèyọnu, n ó mú yín lọ ní Sátidé.” Ẹni bá gbọ́ ọ á rò pé ọsibítù ló fẹ́ mú mi lọ.

Tòkunbọ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó mú mi lọ náà. Èyí tí wọ́n gbé fún un jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, ó fẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ fẹ̀, ó ń dán. Àbúrò mi ń fi ọwọ́ pa á lára. Mo bèèrè pé, “Bí wọ́n bá mú iná lọ, wákàtí mélòó ló máa lò?”

Ọlọ́jà náà kọjú sí àbúrò mi. “Ọ̀gá, ẹ sọ fún màmá pé kò sí wàhálà. Bátìrì rẹ̀ lágbára gan-an.”

Ẹnu mi ni ìbéèrè ti jáde, etí àbúrò mi ni wọ́n da ìdáhùn sí. Àgbà wà lọ́jà, wọ́n ń fi í ṣe àwòrán ara ògiri. Inú bí mi. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” mo sì jáde. Àbúrò mi sáré tẹ̀lé mi, ó ní mo dójú ti òun. “Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ gan-an? Èyí tó bá ẹgbẹ́ mu nìyẹn o.” Mo ní ẹgbẹ́ kọ́ ni yóò bá mi tẹ̀wé.

Mo fi gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ronú. Mi ò mọ nǹkan kan nípa inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ ọjà. Adìyẹ ni ìyá mi tà títí ó fi kú, kò sì sẹ́ni tó lè ta adìyẹ aláìsàn fún un, nítorí pé kì í wo ìyẹ́. Ó máa ń tú adìyẹ sílẹ̀ ni, á jókòó, á máa wò ó bó ṣe ń rìn, títí inú á fi bí ẹni tó gbé e wá. Ohun kan tún wà tí ó kọ́ mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ láàárọ̀, ọlọ́jà kì í fẹ́ kó jáde láìra nǹkan, nítorí wọ́n gbà pé bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá rà, ọjà ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ohun tí ọlọ́jà kò lè fara dà lọ́wọ́ ẹni kẹwàá, á fara dà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù lè máa wọ jíǹsì, àṣà yìí kò tíì kúrò lára wọn.

Ní Mọ́ńdè, ọlọ́jà ọjọ́ Sátidé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo dé, èmi nìkan. Mo fa àga kan sídìí tábìlì. Mo ní kí ó gbé aláwọ̀ fàdákà wá, kí ó sì tún bá mi gbé dúdú kan tí mo ti rí nísàlẹ̀ pátápátá ní Sátidé, èyí tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, tí lẹ́tà ti ń pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀.

“Ma, ọ́fíìsì ni wọ́n ti lo ìyẹn. Kò rẹwà,” ló wí.

Mo ní ọkọ kọ́ ni mo wá fẹ́.

Ó ní bátìrì àwọn méjèèjì ti kún. Mo ní kí ó yọ wáyà lára wọn, ó yọ ọ́. Mo wá mú ìwé próójẹ́ẹ̀tì mi jáde nínú àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá tẹ̀ díẹ̀ lórí dúdú, mo tún bọ́ sórí fàdákà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú rà á, kí ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ nílé.”

Mo ní, “Ọmọ mi, nílé mi, wọ́n lè mú iná lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èyí tí kò bá lè bá mi jókòó níbí, kò lè bá mi gbé lọ́hùn-ún.” Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú kí ó lé mi jáde. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ ni mí.

Mi ò tíì parí ojú ewé kìíní tí fàdákà fi ṣókùnkùn. Kò kìlọ̀, kò dágbére. Ọlọ́jà sáré fẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́, mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Dúdú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ibẹ̀, kò kú. Ọlọ́jà lọ kírun, ó fi èmi àti ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó padà wá bá mi níbi tó fi mí sí. Inú mi ń dùn kọjá ààlà, mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

Kí n tó yọ owó, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dà á dojú bolẹ̀, mo bèèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ṣe é yọ, kí n lè ra òmíràn bí èyí bá kú. Ó yọ ọ́ hàn mí. Ojú mi ló ń wò báyìí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti fàdákà. Ó wá mú rìsíìtì, ó gbé bírò lé e, ó ní, “Kí lorúkọ ọ̀gá ọjọ́ Sátidé?” Mo ní kí ó kọ orúkọ mi. Ó kọ ọ́.

Nígbà tí àbúrò mi rí ohun tí mo rà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ṣé kí òun bá mi wá alábàárù tí yóò máa rù ú. Mo dojú kọ iṣẹ́ mi. Ìka kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Ìgbà kan wà tí a kò rí iná ní Òkèrèwè fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan tó ní sólà, bí ó bá ti kún, mo tún gbé e padà sílé. Mo ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan sókè kí n tó bọ́ sí òmíràn. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe tèmi ni, mo sì mọ ibi tó wà.

Ọ̀sẹ̀ tí ọlidé ń parí lọ, àbúrò mi ní òun yóò sìn mí lọ rí olùkọ́ náà, pé òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Mi ò kọ̀. Òun ló bá mi gbé ìwé náà dání. Olùkọ́ gbà á, ó ń ṣí i níwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkẹrìnlá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ń lọ, títí ó fi dé ẹ̀yìn. Kò rí ẹja kankan. Ó gbé ojú sókè, àbúrò mi ló wò. “Ó mọ́ gan-an, sà. Ta ló bá màmá tẹ̀ ẹ́?”

Àbúrò mi la ẹnu. Mo ń wò ó. Láti ìgbà fíríìjì ni mo ti mọ̀ pé òun ló máa ń gbẹnu mi sọ bí wọ́n bá bi í ní ohun tó jẹ́ tèmi. Ó pa ẹnu dé. Ó tún wò mí. Ó wá ní, “Àwọn nìyí, ma. Ẹ bi wọ́n.”

Olùkọ́ náà yíjú sí mi.

Mo ní, “Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo sì kà á.”